Ibi Tó Tẹ́jú Lọ́nà Oko-Akarè

Oko-Akarè,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023

Akínbáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ìnìkanwà. Ìyá rẹ kí ọ. Ọmọ rẹ náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, torí kò mọ ẹni tó ń kí. Ara wa le, àfi orúnkún mi tí kò fẹ́ràn òjò.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí baba yìí ń kọ ìwé nígbà tí tẹlifóònù wà. Mo ti pè ọ́ títí. Bí o bá gbé e, o á ní, "Ẹ kúulé o, Baba, ṣé dáadáa ni," kí n tó la ẹnu, o ti ní nẹ́tíwọ́kì kò dára. Nẹ́tíwọ́kì tó dára fún ìkíni tí kò dára fún ọ̀rọ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kíláàsì alẹ́ tí mo lọ nígbà yẹn láti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá, tí ẹ̀yin ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín, òun ló wúlò fún mi lónìí. Bíntù tó ń kó gàrí àti epo pupa lọ tà ní Gàbóọ̀nù ló ní òun á máa bá mi fi ìwé náà lé ọ lọ́wọ́.

Òjò ti dé. Ọ̀nà wa láti ibí dé Adja-Ouèrè ti padà di ohun tí o mọ̀ ọ́n sí. Ilẹ̀ dúdú yìí, bó bá ti mu omi, bàtà ló ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kámíọ̀n epo kò wọlé. Ìyá rẹ fún epo títí bídọ́ọ̀nù fi tán, ó rọ ìyókù sínú ìkòkò tí a fi ń se ẹyìn, ó ti ń kan níbẹ̀. Ní Kùtọnù, gbogbo ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi epo wa sè, ẹnikẹ́ni kò béèrè bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó wà ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ti gbọ́ láti ọdún tí a bí ọ.

Ìyábùnmi pé ọdún mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ kan náà ni ikú Carine ìyá rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. A kò mọ èyí tí à bá ṣe nínú ẹkún àti ayọ̀, a se ẹ̀wà, a sì bù ú jẹ. Ó bi mí pé ṣé inú tẹlifóònù ni baba òun ń gbé. Mo ní rárá, ó ń gbé ní Gàbóọ̀nù. Ó ní ṣé Gàbóọ̀nù náà wà nínú tẹlifóònù.

Nǹkan kan tún wà. Bí òjò bá ti rọ̀ tó dá, mo máa ń gbọ́ alùpùpù nísàlẹ̀ ẹbu wa tí a ti ń fún epo, níbi kòtò yẹn. Ìgbà tí mo bá ń fún epo lọ́wọ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹni tó gùn ún á máa tẹ iná mọ́ ọn, á ké, á ké, á sì kú. Mo ti jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí ẹnikẹ́ni, kò sí ipa táyà. Ògúntóyè alágbẹ̀dẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ní láti jẹ́ Sùlè tó ń fi alùpùpù zémì gbé èrò. Sùlè wà ní Pobè lọ́jọ́ náà.

Wá sílé, Akínbáyọ̀. Ìwọ kọ́ ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ máa kú. Aṣọ tí ò ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ yìí dára, ṣùgbọ́n aṣọ kò ní ojú. Kí ọdún yìí tó parí, jẹ́ kó rí ọ.

Èmi ni,
Àlàgbé, baba rẹ.


Gamba, Gàbóọ̀nù,
Ogúnjọ́, oṣù kẹjọ, ọdún 2023

Baba mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí ìyá mi, mo kí Ìyábùnmi. Ìwé yín dé ọwọ́ mi, Bíntù fi sínú nylon kó má bàa rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i pé ọwọ́ yín dára ju tèmi tí ẹ rán lọ sí ilé ìwé lọ.

Ẹ béèrè iṣẹ́ mi rí, mi ò ṣàlàyé. Ibi tí mo wà yìí, inú igbó ni, níbi tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì jáde nínú ilẹ̀. Kámíọ̀n omi ni mò ń wà, mò ń gbé omi mímu lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rò pé ọ̀nà ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń jáde á dán bí abọ́. Mo dé ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá epo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá, ó tọ́ gbọnrangandan, wọ́n kùn ún lọ́dà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa nù ún. Àwa ènìyàn ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja fún wa sọ pé ojú ọ̀nà yẹn ni òun bí ọmọ òun méjì sí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo fi oúnjẹ mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo dìde.

Mo gé igi kan, mo fi í sẹ́yìn àga mi nínú kámíọ̀n. Kòtò tó bá hàn kò dẹ́rù bà mí, mo mọ ohun tó jẹ́. Ibi tó bá tẹ́jú ni. Bí mo bá ti rí ibi tó tẹ́jú láàárín ẹrọ̀fọ̀, ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí iná fúnra rẹ̀. Àfi kí n sọ̀kalẹ̀, kí n fi igi gún un kiri, kí n tó lè kọjá. Wọ́n ti sọ mí ní Onígi níbí. Ṣẹ́ẹ̀fù tó jẹ́ ọ̀gá mi ti bínú títí, ó ti sú u.

Baba, ẹ ní kí n wá sílé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ilé wa, ibẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbà. Èmi ni mo gun alùpùpù náà lọ́jọ́ tí mò ń gbé Carine lọ bímọ. Apá kan ọ̀nà rí gbágungbàgun, apá kejì tẹ́jú, ó mọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ pa á. Mo fẹ́ gba ibi gbágungbàgun. Carine fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ìrọbí ti mú un gan-an, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn dára, gba ibẹ̀." Mo gba ibẹ̀. Ẹ rí bí a ṣe rì dé ibi àga. Ẹ wà lára àwọn tó gbé e sórí ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi èjìká ru ú lọ sí mátánítè, ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Adja-Ouèrè. Ẹ gbọ́ ohun tí agbẹ̀bí sọ, pé bó bá ṣe pé wákàtí kan ṣáájú ni, ẹ̀jẹ̀ náà ìbá ṣeé dá dúró.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ni ẹ fi dí kòtò náà?

Ọmọ yín,
Akínbáyọ̀.


Oko-Akarè,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2023

Akínbáyọ̀,

Mo kí ọ. Gbogbo ilé kí ọ. Mo rí ìwé rẹ, ó bà mí nínú jẹ́, pàápàá ọ̀rọ̀ igi yẹn. Fi igi sílẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ gún ilẹ̀, ilé ló ń bọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni kò tíì sọ fún un.

O bi mí ní ohun tí mo fi dí kòtò. Ṣé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí mérì ní Gàbóọ̀nù ni? O mọ̀ pé láti ayé baba mi, ẹbu tó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń tún ibi tó kọjú sí i ṣe. Bí a bá ti pa ẹ̀kùrọ́ tán, èèpo rẹ̀ la máa ń dà sójú ọ̀nà. Omi kì í gba inú rẹ̀, táyà kì í rì sínú rẹ̀. Èèpo ẹ̀kùrọ́ ni gbogbo ayé fi ń dí i, òun náà ni mo fi dí i. Kí ni mo tún lè fi dí i?

Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ. Ìyábùnmi ti ń bá ìyá rẹ ṣa ẹyìn. Ó ń to àwọn tó pọ́n sọ́tọ̀, ó ń to àwọn tí kò pọ́n sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà á tún dà wọ́n pọ̀, á ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gun orí ààrò irin tó wà lẹ́yìn ilé, ìyá rẹ sì lù ú, ẹni tí kì í lu ọmọ. Ààrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni, tí Ògúntóyè rọ fún wa kí a lè máa gbé omi ìwẹ̀ Carine kaná lórí rẹ̀ bó bá bímọ tán. A kò gbé ìkòkò kankan lé e rí. Koríko ti hù gba àárín rẹ̀ jáde, ìyá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ó.

Armand tí í ṣe délégé, aṣojú ìjọba ní ìlú wa, ti pe ìpàdé. Ó ní mérì kò ní wá, ká má dúró dè é mọ́. Tí ọdún bá yí, tí ilẹ̀ bá gbẹ, gbogbo ẹbu á wú ojú ọ̀nà tiwọn dé ìsàlẹ̀, wọ́n á kó gbogbo ohun àtijọ́ jáde, wọ́n á fi yangí àti èèpo ẹ̀kùrọ́ dí i tuntun. Gbogbo ìlú ló máa jọ ṣe é, láti ẹbu dé ẹbu. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ò ń bẹ̀rù kò ní sí mọ́. Ìgbà yẹn ni kí o wá.

Alùpùpù yẹn kò tíì dákẹ́.

Àlàgbé, baba rẹ.


Gamba,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejìlá, ọdún 2023

Baba,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyá mi.

Wọ́n ti gba kámíọ̀n lọ́wọ́ mi. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, mo dé ibi kan tó tẹ́jú, mo sọ̀kalẹ̀, mo gún un, ó le, síbẹ̀ mi ò lè gun kámíọ̀n padà. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi títí ọkọ̀ ọ̀gá àgbà fi dé ẹ̀yìn mi, tí wọ́n ń fọn fèrè. Ìdajì wákàtí, wọ́n ní. Ó dà bí ìṣẹ́jú méjì lójú mi. Ọ̀pá irin ni mò ń gbé nísinsìnyí. Ẹ má bẹ̀rù, mò ń jẹun.

Ẹ ṣeun fún ìròyìn ọmọ. Ẹ bá mi bẹ ìyá mi kó má lù ú mọ́.

Mo bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ fi mérì àti Gàbóọ̀nù dá mi lóhùn. Mo tún un bi yín. Mi ò ní béèrè nígbà kẹta.

Akínbáyọ̀.


Oko-Akarè,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 2024

Akínbáyọ̀ ọmọ mi,

Ìwé yìí, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́. Mo ti ya mẹ́rin.

Mo purọ́ fún ọ. Kì í ṣe èèpo ẹ̀kùrọ́ ni mo fi dí i. Ìhá ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí oyún Carine wọ oṣù kẹjọ, mo lọ bá Ògúntóyè pé kó rọ ààrò irin fún wa. Mo fẹ́ kí omi ìwẹ̀ ìyàwó rẹ gbóná dáadáa, kí ìkòkò má máa yẹ̀ lórí òkúta. Ògúntóyè ní òun kò gba nǹkan mìíràn, èèpo ẹ̀kùrọ́ ọdún yẹn ni òun fẹ́, gbogbo rẹ̀, torí òun ni òun fi ń koná ilé arọ tí òun ti ń rọ irin. Mo kó o fún un. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí ọjà gbà.

Lẹ́yìn náà ni kòtò yẹn là. Awakọ̀ kámíọ̀n ní bí a kò bá dí i títí di Ọjọ́bọ̀, òun kò ní wọlé wá kó epo. Mi ò ní èèpo kankan mọ́. Ojú tì mí láti lọ tọrọ lọ́dọ̀ àwọn ẹbu yòókù, èmi tí mo máa ń bú wọn pé wọn kò tọ́jú ọ̀nà tiwọn. Ìhá sì wà lẹ́yìn ẹbu, òkìtì, gbogbo fọ́nrán ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀ tán. Ìyá rẹ rí mi tí mò ń kó o. Ó ní, "Baba Akínbáyọ̀, ìhá kì í ṣe ohun tí à ń fi dí ọ̀nà, iná la fi ń dá." Mo ní kó máa fún epo rẹ̀.

Mo kó abọ́ mọ́kànlá dà sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo bu ilẹ̀ bò ó, mo fi màrìwò gbá ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Ọwọ́ tó pa á nìyẹn, ọwọ́ mi ni. Mo dúró, mo wò ó, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Kámíọ̀n wá ní Ọjọ́bọ̀, ó gba orí rẹ̀ lọ, ó gba orí rẹ̀ bọ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Òjò wá rọ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. O mọ bí ìhá ṣe ń mu omi.

Mo wà nínú ẹbu nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Mo gbọ́ yín. Mo rántí ìhá náà, Akínbáyọ̀. Mo dìde láti ké sí ọ. Mo wá sọ fún ara mi pé bí kámíọ̀n bá gba ibẹ̀, alùpùpù á gba ibẹ̀. Mo tún jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ alùpùpù náà tó ń ké, tó ń ké, tó sì kú. Òun náà ni mò ń gbọ́ títí di òní.

Ìyá rẹ mọ̀. Láti ọjọ́ náà ó ń gbé oúnjẹ fún mi, kò sì tíì sọ pé kí n wá jẹun. A jọ ń gbé ilé kan, a jọ ń tọ́ ọmọ kan, ó máa ń gbé e kalẹ̀, á sì lọ.

Mo rí ọ tí ò ń sọkún níbi ìsìnkú pé ìwọ lo yà sí ibi tí kò yẹ. Mo di ọ́ mú, mo ní kó o má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì jẹ́ kí o máa gbà á gbọ́. Mo jẹ́ kí o gbé e lọ sí Gàbóọ̀nù. Èyí burú ju ìhá lọ, mo mọ̀.

Ní oṣù kẹta, wọ́n á wú ojú ọ̀nà tiwa. Ìhá á jáde, gbogbo ìlú á rí i. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi lo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mi ò ní kí o dárí jì mí. Wá wo ọmọ rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, fi ránṣẹ́, màá lọ jókòó sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Tatonnonkon títí o fi máa padà.

Àlàgbé.


Oko-Akarè,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024

Akínbáyọ̀,

Mo kí ọ. Mi ò tíì rí èsì rẹ. Bóyá Bíntù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, mi ò mọ̀. Mò ń kọ èyí kí o lè gbọ́ bó ṣe lọ.

A wú u ní Sátidé tó kọjá. Gbogbo ìlú pé síbẹ̀. Oyèfúnkẹ́, ìyá Carine, wá láti Kpoulou, mi ò pè é, kò sí ẹni tó pè é. Mo ní kí Armand dá wọn dúró, mo sọ ọ̀rọ̀ ìhá náà kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Mo sọ ọ́ tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ.

Ìhá náà kò jẹrà. Ó ti dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọkọ́ là á, ó ṣì ń rùn bí epo. Abọ́ mọ́kànlá ni mo kó sí i, ó tó ogún tí wọ́n kó jáde. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n rí bàtà rọ́bà kan, aláwọ̀ búlúù, ti ẹsẹ̀ òsì. O mọ ẹni tó ni ín. Oyèfúnkẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò fúnra rẹ̀, ó mú un, ó fi ìró rẹ̀ nù ún. Ó wá dúró níwájú mi. Ó ní, "Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wo ojú gbogbo yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ó gbé bàtà náà lọ sílé. Kò tíì kí mi.

Ògúntóyè kó gbogbo èèpo tó wà ní ilé arọ rẹ̀ wá, ó dà á síbẹ̀, ó sì ti ilé arọ láti ọjọ́ náà. Kò wo ojú mi. A fi yangí lé e, a tún da èèpo lé e, a gún un títí ọwọ́ gbogbo wa fi bó.

Kọ̀wé sí mi. Bó jẹ́ èébú náà ni.

Baba rẹ.


Oko-Akarè,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024

Akínbáyọ̀,

Bíntù dé. Ó ní ọwọ́ rẹ ni òun fi ìwé méjèèjì lé, o sì fi wọ́n sápò láì ṣí wọ́n. Ó ní o rù. Mo bi í pé báwo ni ojú rẹ ṣe rí, ó ní o bi òun bóyá Ìyábùnmi ní eyín iwájú tó là bíi ti ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó là.

Òjò ti dé. Ọ̀nà náà kò yẹ̀. Kámíọ̀n wọlé lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù yìí, epo ìyá rẹ kò kan mọ́. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ síta, alùpùpù yẹn á dákẹ́. Kò dákẹ́. Lẹ́yìn òjò àná, mo wà nínú ẹbu, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké nísàlẹ̀. Mi ò dìde mọ́, mo ti mọ̀ pé kò sẹ́nìkan. Ìyábùnmi ló fi ẹyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹnìkan ń bọ̀."

Kò sí ẹni tó sọ fún un rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé e wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan.

Mi ò ní ohun mìíràn láti sọ.

Àlàgbé.


Adja-Ouèrè, nílé Sùlè,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024

Baba mi,

Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ rí orúkọ ìlú tí mo kọ sókè. Mo ti wà níbí láti ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ṣí ìwé yín ní oṣù keje, gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Mi ò ṣí wọn ṣáájú torí ẹ̀rù ń bà mí pé irọ́ ló tún wà nínú wọn.

Mo mọ̀, Baba. Láti ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Nígbà tí mo fa ẹsẹ̀ mi yọ nínú kòtò, ìhá ló wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ru ìyàwó mi dé mátánítè pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo jókòó síta níbẹ̀, mo ń tú u díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n jáde wá sọ fún mi. Ẹbu wa ni mo dàgbà sí, mo mọ ìhá. Mo mọ ẹni tó ni ojú ọ̀nà yẹn. Mo wo ojú yín níbi ìsìnkú, mo ń pariwo pé èmi ni mo yà síbi tí kò yẹ, kí ẹ lè sọ pé rárá, èmi ni. Ẹ dì mí mú, ẹ ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé màá lọ. Bí mo bá dúró, màá sọ ọ́ sí yín lójú, mi ò sì mọ ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ìhá náà sínú agolo mílíìkì, mo gbé e lọ sí Gàbóọ̀nù. Ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Inú ń bí mi sí yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ sí Tatonnonkon. Ẹ má sì bẹ̀ mí nígbà tí mo bá dé, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má pe àwọn àgbà. Mi ò mọ ohun tí màá bá yín sọ. Ọmọ mi ni mo wá rí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè dé ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni Sùlè ti gbé mi dé orí òkè tó kọjú sí ẹbu. Mo rí òrùlé wa. Mo rí èéfín. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní kó dá mi padà. Ó ní ọ̀nà náà le, ó ní kámíọ̀n ń gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Etí mi gbọ́, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Mo gé igi kan lẹ́yìn ilé Sùlè, mo fi rán Sùlè sí yín pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ lọ síbẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ fi igi náà gún un, gbogbo ibi tó tẹ́jú, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé, ẹ fi rán Sùlè padà. Ohun tí ẹ bá kọ ni màá gbà gbọ́.

Akínbáyọ̀.


Oko-Akarè, lójú ọ̀nà,
Ọjọ́ kan náà

Akínbáyọ̀,

Orí orúnkún mi ni mo ti ń kọ èyí.

Mo ti gún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ẹbu, mo gún un dé apá oko. Ìyá rẹ tẹ̀ lé mi, ó ń ka iye rẹ̀, ó tó ọgọ́ta. Gbogbo àárín le. Igi rẹ ti fọ́ lẹ́nu.

Ibì kan kò dára. Lápá òsì, bí o bá ń bọ̀ láti òkè, lẹ́bàá koríko, igi wọlé tó ìka méjì. Omi òjò ló jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ṣeé ṣe kí alùpùpù gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò ní sọ fún ọ pé á gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti fi igi rẹ gúnlẹ̀ síbẹ̀ kí o lè rí i láti òkè. Má gba òsì.

Sùlè ti tan alùpùpù rẹ̀, ó ń dúró de ìwé. Ó ń ké níbi tí mo ti máa ń gbọ́ ọ gan-an, mo gbé ojú sókè, mo sì rí ẹni tó jókòó lé e. Ìyá rẹ ti padà sílé. Ó ń ro koríko ìdí ààrò irin.

Ìyábùnmi kò gbà kí n mú òun kúrò lọ́nà. Ó dúró sí àárín gan-an, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lórí rẹ̀. Mo gún ibi tó dúró sí lẹ́ẹ̀mẹta, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó le. Ibẹ̀ ni kí o gbà.

Baba rẹ.